Omi Ikoga àti Ikọ́ Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé mo ní láti na ìka ẹsẹ̀ kí n tó lè yọjú wo inú àmù, àmù omi méjì ló wà nínú ilé wa ní Ajido. Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ti gbogbo ayé ni. Ẹni tó ti ojú omi dé, àlejò, ọmọdé, ẹnikẹ́ni ló lè bu omi níbẹ̀ mu. Èkejì wà ní kọ̀rọ̀ yàrá ìyá àgbà, aṣọ funfun ni wọ́n fi bò ó lórí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fẹnu kàn án àfi ìyá àgbà nìkan. Omi Ikoga ló wà nínú rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, kí n sọ bí omi Ikoga ṣe dé Ajido fún yín, torí nígbàkigbà tí mo bá rí yín tí ẹ ń tẹ fóònù láti wádìí ohun tó fa orí fífọ́, omi yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, ẹ̀rín á sì pa mí.

Ní ayé ìgbà náà, kò sí àìsàn tí a kò mọ ohun tó fà á. Kódà, ó jọ pé a mọ̀ ọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Ibà? Oòrùn ni. Ẹ̀fọn ń mu ẹ̀jẹ̀ wa, a ń gbá a pa, a ń yún ara, kò sì sẹ́ni tó dá ẹ̀fọn lẹ́bi rí. Jẹ̀díjẹ̀dí? Ṣúgà ni. Ojú dídùn? O ti wo ojú ẹni tí ojú ń dùn ni. Tí ṣẹ̀gẹ̀dẹ̀ bá mú ọmọdé, wọn á fi búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, á sì máa rìn kiri àdúgbò pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ aláró. Ọmọ tí kò bá sì mọ̀wé, wọ́n ní omi àgbọn ló mu jù. Ẹ wo etíkun tiwa yìí, tí àgbọn pọ̀ títí, ẹ wá ní kí ọmọdé má mu omi àgbọn! Èmi mu ún ní tèmi o, ẹ̀yin náà ẹ wò mí bóyá mo gọ̀.

Ìyá àgbà tí mò ń sọ yìí, àwọn ló bí bàbá mi. Ègùn ni wọ́n. Èdè Ègùn ni wọ́n fi ń bínú, Yorùbá ni wọ́n fi ń tajà, nítorí náà tí a bá ti ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wọn, ọkàn wa á balẹ̀ pé àlàáfíà wà. Wọn kò ga, wọn kò sì sanra, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dúró sí àárín àgbàlá, gbogbo ilé ló mọ̀. Àtìgbà tí wọ́n ti gba ọmú lẹ́nu mi ni mo ti ń sùn lórí ẹní wọn. Àwọn àbúrò mi ti gba ẹ̀gbẹ́ màmá mi, èmi sì ti di ti ìyá àgbà pátápátá. Àwọn ló ń di irun mi, àwọn ló ń yọ egungun ẹja fún mi, àwọn náà ló ń nà mí. N kò mọ ilé tó ń jẹ́ ilé tí wọn kò sí nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ ẹja yíyan ni iṣẹ́ wọn. Ilé ẹja wà lẹ́yìn ilé wa, ààrò amọ̀ gígùn kan wà láàárín rẹ̀, wáyà la sì tẹ́ sórí ààrò náà. Tí àwọn ọkùnrin bá ti orí ọ̀sà dé láàárọ̀, àwọn obìnrin á họ ìpẹ́, wọn á fọ ẹja mọ́, wọn á ká a kí orí kan ìrù, wọn á fi igi ìgbálẹ̀ gún un kó má baà tú, wọn á wá tò ó sórí wáyà. Èèpo àgbọn ni ìyá àgbà fi ń dáná. Ẹ̀yin tí ẹ kò yan ẹja rí, ẹ má rò pé iná ló ń yan ẹja o. Èéfín ni. Èèpo àgbọn kì í jó geere, ṣe ló máa ń rú èéfín, èéfín yẹn ló sì ń fún ẹja ní àwọ̀ pupa tó ń dán àti òórùn tó ń mú kí itọ́ dà lẹ́nu èèyàn. Tí ẹja ìyá àgbà bá dé ọjà Àgbádárìgì, àwọn oníbàárà á ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó béèrè ẹni tó ni ín.

Ojú ìyá àgbà máa ń pọ́n, ó sì máa ń ṣomi ṣáá. Èyí náà, a mọ ohun tó fà á. A ní ikú bàbá àgbà ni. Bàbá àgbà ti kú kí wọ́n tó bí mi, àwọn ará àdúgbò sì máa ń tọ́ka sí ojú pípọ́n yẹn fún àwọn ìyàwó tuntun pé kí wọ́n wo obìnrin tó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ ọdún kan, ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ikọ́ kékeré ni níbẹ̀rẹ̀. Wọn á wú u, wọn á nu ẹnu, ọ̀rọ̀ á máa lọ. Nígbà tó yá, ó di ohun tó ń dá wọn dúró láàárín ọ̀rọ̀, débi pé bíbínú pàápàá kò rọrùn fún wọn mọ́. Wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í bú èèyàn ní èdè Ègùn, ikọ́ á gba èébú lẹ́nu wọn, ẹni tí wọ́n ń bú á wá dúró tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kí wọ́n wúkọ́ tán, kó lè gbọ́ ìyókù.

Gbogbo ilé jókòó sí ọ̀rọ̀ náà, kò sì pẹ́ tí a fi mọ ohun tó fà á. Atẹ́gùn ọ̀sà ni. Ilé ẹja kọjú sí omi, ọyẹ́ sì mú lọ́dún yẹn, òtútù ló wọ àyà wọn lọ. Bàbá mi fẹ́ràn ìyá wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn kí n tó sọ ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n mú àdá àti okùn, wọ́n gé imọ̀ àgbọn, wọ́n sì fi kún ògiri imọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n rán àpò ìrẹsì pọ̀, wọ́n ta á sí inú. Wọ́n wá páànù àlòkù, wọ́n fi dí apá ọ̀dọ̀ ọ̀sà pátápátá. Kódà ẹnu ọ̀nà, aṣọ tó nípọn ni wọ́n ta sí i. Àwọn ará àdúgbò wá wò ó, wọ́n yin bàbá mi, wọ́n ní irú ọmọ báyìí kò wọ́pọ̀. Ìyá àgbà gbàdúrà fún wọn, wọ́n sì wúkọ́ láàárín àdúrà.

Ohun tó wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ́jú pọ̀ ni pé ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èéfín kò rí ibi lọ mọ́, ara ẹja ló ń dúró sí, ẹja pọ́n, ó ń dán, àwọn oníbàárà ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Bí ẹja ṣe ń dára sí i ni ikọ́ ń le sí i, kò sì sẹ́ni tó so méjèèjì pọ̀. Ìyá àgbà jẹ orógbó, wọ́n lá oyin, màmá mi ń fi òróró àgbọn gbígbóná pa wọ́n láyà lójoojúmọ́. Ikọ́ kò gbọ́.

Àbúrò ìyá àgbà ọkùnrin ń gbé ní Ikoga. Bàbá Ikoga la máa ń pè wọ́n. Àkókò yẹn ni wọ́n bí ọmọ-ọmọ fún wọn, wọ́n sì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wọn pé kí wọ́n wá bá àwọn sọ ọmọ lórúkọ. Ọkọ̀ ojú omi gbé èmi àti ìyá àgbà lọ. A kò tètè padà. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ tán, a ṣì wà níbẹ̀, ìyá àgbà ń wẹ ọmọ, wọ́n ń jẹ iṣu tuntun, wọ́n ń tún ilé àbúrò wọn ṣe bí ẹni pé àwọn ló kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan, Bàbá Ikoga gbé àga wọn kúrò níbi tí ìyá àgbà fẹ́ kó wà, ìyá àgbà sì bú wọn ní èdè Ègùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kò sinmi, wọn kò sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bàbá Ikoga kò bínú rárá. Ṣe ni wọ́n ń pariwo ayọ̀ pé ara ẹ̀gbọ́n àwọn ti yá.

Nígbà tí a padà sí Ajido, inú gbogbo ilé dùn. Ẹja pọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ìyá àgbà wọ ilé ẹja lọ pẹ̀lú orin. Kó tó di ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ikọ́ ti padà sípò rẹ̀.

Àwọn àgbà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Kí ló wà ní Ikoga tí kò sí ní Ajido? Ẹnìkan ní iṣu ni. Ẹlòmíràn ní ìtura igi ni. Bàbá Ikoga, tí wọ́n wá wo ẹ̀gbọ́n wọn, ní omi ni, omi kànga tó wà ní àgbàlá àwọn, tí bàbá àwọn fọwọ́ ara wọn gbẹ́. Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lú ìgboyà, wọ́n sì sọ orúkọ bàbá wọn sí i, ta ló máa wá jiyàn? Bí omi Ikoga ṣe di oògùn nìyẹn o.

Bàbá Ikoga fúnra wọn ló ń fi ọkọ̀ gbé e wá. Níbẹ̀rẹ̀, omi lásán ni. Nígbà tó yá, omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ní òfin. Wọn kò gbọdọ̀ gbé e kalẹ̀ láàárín ọ̀nà. Wọn kò gbọdọ̀ ṣí i nínú oòrùn. Èyí tó wá kàn mí jù ni pé ẹni tó bá gbé e láti etí omi dé yàrá ìyá àgbà kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí á fi dà á sínú àmù. Ta ló ń gbé e? Èmi náà ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́.

Ẹ fojú inú wò ó. Ọmọ Ajido ni mí, ibi tó jẹ́ pé tí ọmọdé bá kọjá níwájú àgbàlagbà tí kò kúnlẹ̀ kí i, ọ̀rọ̀ náà á dé ilé kí ọmọ náà tó dé. Mo sì ní láti kọjá níwájú àwọn àgbà tó ń tún àwọ̀n ṣe, níwájú àwọn ìyá tó ń họ ìpẹ́, níwájú olùkọ́ mi pàápàá, pẹ̀lú ìkòkò lórí, ẹnu dí, n kò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n á kí mi, n kò ní dáhùn. Wọ́n á pe orúkọ mi, màá máa lọ. Bàbá arúgbó kan sọ fún bàbá mi pé ọmọ yín obìnrin yìí, ó jọ pé ó ti ń di adití. Àwọn mìíràn ní mo ti ń gbéra ga. Nígbà tí gbogbo ìlú wá mọ̀ nípa òfin náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á to ara wọn sójú ọ̀nà, wọ́n á máa ṣe ojú wúrúwúrú kí n lè rẹ́rìn-ín. Ìyà jẹ mí nítorí omi yẹn.

Omi náà ń ṣiṣẹ́, kò sì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹja bá wọ́n, tí a kò dáná rárá, tí ìyá àgbà ń sinmi tí wọ́n ń mu omi wọn, ikọ́ á rọlẹ̀, a ó ní ẹ wò ó, omi ti wọ ara. Nígbà tí ẹja bá tún pọ̀, tí ikọ́ bá dé, a ó ní omi tọ̀tẹ̀ yìí ti dín lágbára lójú ọ̀nà, bóyá ọmọ tó gbé e ti sọ̀rọ̀. Mo máa ń búra pé n kò sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà nìkan ló ń gbà mí gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ burúkú kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lábẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ikọ́ ife ni. Ìyá kan tó ń gbé lẹ́bàá wa kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wá jẹun nílé wa mọ́. Nílé tiwa pàápàá, ẹnìkan ya ife ìyá àgbà sọ́tọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ pé òun ló yà á. Ìyá àgbà rí i. Wọn kò bú ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà, ìyẹn sì bà mí lẹ́rù ju ikọ́ lọ.

Àwọn àgbà ilé ṣe ìpàdé. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí omi ń dín lágbára kó tó dé Ajido, ìyá àgbà ni kó máa lọ bá omi níbi tó wà. Kí wọ́n lọ máa gbé Ikoga, kí wọ́n má padà mọ́. Bàbá Ikoga á wá fi ọkọ̀ ńlá gbé wọn lẹ́yìn ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Mo bi bàbá mi léèrè bóyá èmi náà ń lọ. Wọ́n ní rárá, ilé ìwé ńkọ́? Mo sunkún títí mo fi sùn sórí ẹní ìyá àgbà, wọ́n sì jẹ́ kí n sunkún, wọn kò ní kí n dákẹ́. Ohun tó ń dùn mí kò ju ọ̀kan lọ: wọ́n fẹ́ gba ìyá mi lọ́wọ́ mi nítorí omi tí mo ti fi orí mi rù.

Ní ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó lọ, Àǹtí, àbúrò bàbá mi obìnrin, wá gba ilé ẹja lọ́wọ́ ìyá wọn. Àǹtí yìí lágbára, ohùn wọn sì lọ sókè. Nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, àwọn ni wọ́n máa ń fi sí iwájú. Ìyá àgbà jókòó síta lábẹ́ igi àgbọn, wọ́n ń kọ́ Àǹtí níṣẹ́ láti ibẹ̀: da omi díẹ̀ sí èèpo yẹn, yí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ padà, má jẹ́ kí iná jó. Àǹtí ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń kọrin nínú ilé ẹja. Omi Ikoga ti tán nínú àmù, a kò sì tíì rí òmíràn gbà, torí a ní kí ló tún kù, ẹni tó ń mu ún ń lọ síbi tí omi wà.

Kò pẹ́ tí orin Àǹtí fi bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Wọ́n á kọ díẹ̀, wọ́n á wúkọ́. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà, mo ń ṣa igi ìgbálẹ̀ fún wọn. Mo rí i tí wọ́n gbé orí sókè, tí wọ́n ń fetí sílẹ̀ bí ẹni tí ẹnìkan jí nǹkan rẹ̀.

Wọ́n béèrè pé, "Ta ló ń wúkọ́ nínú ilé ẹja mi?"

Àǹtí dáhùn pé àwọn ni, pé èéfín lásán ni, kí ìyá àwọn má ṣèyọnu. Ìyá àgbà fọwọ́ kan àyà ara wọn. Wọ́n mí sínú, wọ́n mí síta. Wọ́n wò mí, mo wò wọ́n. Àtàárọ̀ tí a ti wà níta, wọn kò tíì wúkọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹ̀kán omi Ikoga kan nínú ilé.

Wọ́n dìde. "Jáde síta," wọ́n sọ fún Àǹtí. "Jẹ́ kí n wọlé."

Àǹtí jáde, ojú wọn ti pọ́n, ó ń ṣomi. Ìyá àgbà gbé aṣọ ẹnu ọ̀nà, wọ́n wọlé. Àwa méjèèjì dúró, à ń fetí sílẹ̀. Ṣàṣà ni ẹni tó máa ń retí kí ìyá rẹ̀ wúkọ́, ṣùgbọ́n ohun tí à ń retí nìyẹn lọ́jọ́ náà. Ikọ́ dé. Ó le débi pé Àǹtí fẹ́ wọlé lọ fà wọ́n jáde. Nígbà tí wọ́n jáde, omi ojú ń dà, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé orí wọn ti dàrú. Wọ́n pe bàbá mi láti etí omi, Ègùn ni wọ́n sì fi pè wọ́n.

Bàbá mi kò kọ́kọ́ gbà pé èéfín ni. Wọ́n ní àwọn ìyá àwọn ìyá wa ti ń yan ẹja, èéfín kò pa wọ́n. Ìyá àgbà ní ògiri ilé ẹja tàwọn ìyá yẹn láfo, ọmọ wọn kankan kò fẹ́ràn wọn tó bẹ́ẹ̀ láti dí i. Ni bàbá mi bá ní ó dára, kí gbogbo wa lọ sí ọsibítù ní Àgbádárìgì, kí wọ́n yẹ ìyá wò, kí a lè mọ òótọ́ kí Bàbá Ikoga tó dé. Mo di aṣọ ìyá àgbà mú, n kò jẹ́ kí wọ́n fi mí sílẹ̀.

Obìnrin ni dókítà tí a bá níbẹ̀, kò tíì dàgbà púpọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà, ó gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé wọn lẹ́yìn, ó ní kí wọ́n mí. Ó gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn, wọ́n gbé e lọ yẹ̀ wò, a sì padà lọ gbọ́ èsì. Kì í ṣe ikọ́ ife. Bàbá mi mí kanlẹ̀. Dókítà wá ṣàlàyé fún wa pé ikọ́ kan náà lè ní ìyá tó pọ̀. Kòkòrò ló ń fa ikọ́ ife, ó sì ní oògùn. Ti ẹlòmíràn, ọkàn tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ ló ń fà á. Àwọn ọmọ mìíràn wà tí wọ́n bí i mọ́ wọn, tí eruku tàbí òtútù máa ń mú kí ọ̀nà èémí wọn há. Èyí tí kò wọ́pọ̀ sì wà, tó jẹ́ pé àwọn dókítà pàápàá á wá a títí. Ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń béèrè ọ̀rọ̀ kí àwọn tó fúnni lóògùn. Ló bá béèrè irú iṣẹ́ tí ìyá ń ṣe.

Bàbá mi ló dáhùn. Wọ́n sọ nípa ilé ẹja, wọ́n sọ nípa ọyẹ́, wọ́n wá fi ayọ̀ ṣàlàyé imọ̀ àgbọn, àpò ìrẹsì, páànù àti aṣọ ẹnu ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ pátá. Dókítà fetí sílẹ̀ títí wọ́n fi parí.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Níbo wá ni èéfín ń gbà jáde?"

Ìyá àgbà kọjú sí ògiri, èjìká wọn ń mì, n kò mọ̀ bóyá ikọ́ ni tàbí ẹ̀rín. Dókítà kò fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó sọ fún wọn jẹ́jẹ́ pé èéfín ló ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ìyá láti ọdún pípẹ́ wá, òun náà ló ń ta wọ́n lójú, èyí tó sì ti bàjẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró kò ní padà sí bó ṣe wà tán, ṣùgbọ́n wọ́n lè jẹ́ kó dúró níbi tó dé. Ó ní, "Atẹ́gùn tí ẹ dí yẹn, bàbá, òun ni oògùn ìyá yín."

Bí a ṣe délé, bàbá mi kò jókòó, wọn kò jẹun. Àdá tí wọ́n fi dí ilé ẹja ni wọ́n fi tú u. Páànù ń ké, imọ̀ ń fò, àwọn ará àdúgbò tó wá yìn wọ́n nígbà yẹn tún wá, wọ́n ń béèrè ohun tó dé. Wọ́n gbé òrùlé náà sókè sí i, wọ́n ṣí ìhà méjì sílẹ̀ pátápátá, atẹ́gùn ọ̀sà wọlé. Mo rí i tí bàbá mi dúró sí àárín ilé ẹja tó ṣófo, tí wọ́n fi ọwọ́ nu ojú. Wọ́n ní èérún imọ̀ ló kó sí àwọn lójú. Ìyá àgbà ní kí wọ́n wá jẹun jàre, Yorùbá ni wọ́n sì fi sọ ọ́.

Ẹja kò pọ́n tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ó sì ń pẹ́ kó tó gbẹ. Àwọn oníbàárà kan kùn. Ìyá àgbà dá wọn lóhùn pé ẹja ni àwọn ń tà, àwọn kò fi ẹ̀dọ̀fóró àwọn sí i. Ojú wọn mọ́, kò ṣomi mọ́, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹ wo bí ó ṣe gbàgbé ọkọ rẹ̀. Ikọ́ kò lọ tán, ó ṣì máa ń dé wò wọ́n nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n èébú wọn ń parí geere. Ìyá tó ń gbé lẹ́bàá wa tún ń rán ọmọ rẹ̀ wá jẹun.

Ẹ má gbàgbé pé Bàbá Ikoga ń bọ̀. Wọ́n dé ní ọjọ́ tí a fi àdéhùn sí, pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá, ẹní tuntun, àti ìkòkò omi kan tí wọ́n fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wọn máa mu lójú ọ̀nà. Bàbá mi kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà rò fún wọn. Inú wọn dùn pé ara ẹ̀gbọ́n wọn ti ń yá, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ojú wọn nígbà tí wọ́n wo ìkòkò omi yẹn. Omi kànga tí bàbá wọn gbẹ́ ti padà di omi lásán lójú gbogbo ilé.

Ìyá àgbà náà rí i. Wọ́n ní kí n bu omi náà wá. Wọ́n gba igbá lọ́wọ́ mi, wọ́n mu ún tán níwájú gbogbo èèyàn, wọ́n sì ní kí n tún bu òmíràn. Wọ́n wá bi àbúrò wọn léèrè ìgbà tí ó tún ń gbé omi bọ̀, torí àmù àwọn ti gbẹ. Bàbá Ikoga rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín wọn hàn. Láti ọjọ́ náà títí ọwọ́ wọn kò fi lè wa ọkọ̀ mọ́, wọn kò ṣíwọ́ gbígbé omi yẹn wá, bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà kò ṣíwọ́ mímu ún, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà kò ṣíwọ́ kíkọjá níwájú àwọn àgbà láìkí wọn. Mo bi ìyá àgbà lọ́jọ́ kan pé ṣebí dókítà ti sọ pé omi kọ́. Wọ́n ní, "Ìwọ rò pé nítorí ikọ́ ni mo ṣe ń mu ún?" N kò lóye rẹ̀ nígbà náà.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ tí egungun ń ro, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, a máa ń ní àbíkú ni, a sì ń sọ ọ́ ní orúkọ burúkú. Lónìí, ẹ ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó fẹ́ra yín, ó sì wù mí pé kí àwa náà ti mọ̀ ọ́n nígbà náà, torí a sin àwọn ọmọ tó yẹ kí wọ́n wà. Ní Ajido, àwọn ìyàwó kan ti ń fi ààrò tó ní ihò èéfín lókè yan ẹja. A ti mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń fa ibà. Èmi náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ìrònú ni, dókítà ní kí n dín iyọ̀ kù, mo sì ti dín in kù, ẹ bi ìyàwó ilé yìí tó ń se ọbẹ̀ tí kò dùn lẹ́nu fún mi. Ẹ̀yin náà, ẹ rọra ṣe pẹ̀lú fóònù yín. Ọrùn kàn ń dun ọ̀kan nínú yín lọ́jọ́sí, ó tẹ fóònù, fóònù ní jẹjẹrẹ ni, ó sunkún lọ sí ọsibítù, wọ́n ní ìrọ̀rí rẹ̀ ló ga jù. Ṣé ẹ rí i, àwa àti ẹ̀yin, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, tí òtútù mú mi díẹ̀, ọmọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ níwájú ilé mi ní Àgbádárìgì yìí. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi lé èjìká. Àwọn àgbà àdúgbò jókòó síwájú ilé, wọ́n ń gba oòrùn. Ọmọkùnrin náà la àárín wọn kọjá, kò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n kí i, kò dáhùn. Wọ́n bi í léèrè ẹni tó ń wá, ó ń lọ. Ọ̀kan nínú wọn pariwo sí mi pé kí n wá wo àwọn ọmọ ayé òde òní, pé wọn kò ní ẹ̀kọ́ mọ́. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí kẹ́ẹ̀gì, mo rí ẹnu tó pa dé, mo sì rí ojú Bàbá Ikoga lójú ọmọ ọmọ-ọmọ wọn.

Omi ẹ̀rọ ń yọ nínú ilé mi o, inú fíríìjì mi sì kún fún omi tútù. Mo ṣí ilẹ̀kùn fún un, n kò bá a sọ̀rọ̀, mo nawọ́ sí ibi tí àmù wà. Ó dà á sínú rẹ̀ títí dé ẹ̀kán tó kẹ́yìn, ó nu ọwọ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní ẹ kú ilé, mà. Mo mu igbá kan, mo tún mu èkejì. Lẹ́yìn náà ni mo yọjú síta, mo sì bẹ àwọn àgbà náà pé kí wọ́n má bínú sí i, omi ló gbé.